Bí A Ṣe Ń Gbin Igi Òrí Kó Má Bàa Tán Nílẹ̀ Wa

Láti Kàbbà dé Ìsánlú, dé Ẹ̀gbẹ̀, àwọn tó ń sun èédú ò dá igi òrí sí mọ́. Àjọ IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò igi àti ẹranko, ti kà á mọ́ àwọn igi tó wà nínú ewu láti 1998. Èyí tó bá sì hù lónìí lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó so. Àdán tó ń jẹ èso rẹ̀ ló ń gbé kóró rẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn. Bí igi bá ń dín kù, oúnjẹ àdán ń dín kù nìyẹn, ẹni tí yóò bá wa gbìn ín náà sì ń lọ.

Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, ẹ ṣa èso tó já fúnra rẹ̀ lábẹ́ igi tó ń so dáadáa. Ẹ jẹ ẹran ara rẹ̀, ẹ fọ kóró mọ́, ẹ dà á sínú omi. Èyí tó bá léfòó, ẹ kó o dànù.

Ẹ má ra kóró lọ́jà láti gbìn, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe òrí ti bọ̀ ọ́, wọ́n ti sá a. Kò lè hù mọ́ láé. Kóró òrí kì í ṣe àgbàdo tí a ń so rọ̀ sájà de ọdún tó ń bọ̀. Bó bá ti gbẹ, ó ti kú. Láàárín ọ̀sẹ̀ tó já ni kẹ́ ẹ gbìn ín. Bí ọ̀nà bá jìn, inú àpò tí a fi omi rin ni kó wà, lábẹ́ ibòòji.

Ojú ibi tí yóò dàgbà sí ni mo ń gbìn ín sí, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ lọ gbọnrangandan. Ọ̀rá omi tí gbogbo èèyàn ń lò kò jìn tó. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ lo ọ̀rá, ẹ gé àpò ìrẹsì ògbólógbòó, kẹ́ ẹ rán an kó gùn tó apá láti ìgúnpá dé ọwọ́. Ẹ tẹ́ kóró sílẹ̀, kí iyẹ̀pẹ̀ bò ó ní ìwọ̀n ìka méjì tí a tò pọ̀. Òkété á hú u: ẹ ri agolo tòmátò tí a gé ìdí àti orí rẹ̀ yí i ká, kẹ́ ẹ fi ẹ̀gún bò ó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyí. Kóró òrí kì í kọ́kọ́ yọ sókè. Ìsàlẹ̀ ló ń lọ ná, lára ohun tó wọlẹ̀ yẹn ni ọ̀mùnú ti ń yọ, lábẹ́ ilẹ̀, kó tó wá máa gùn bọ̀ sókè. Ó lè tó oṣù kan ààbọ̀ sí oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tó rí ewé. Mo ti rí àwọn tó fi àdá họ ilẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tí wọ́n ṣẹ́ ọ̀mùnú náà, tí wọ́n ní kóró ti jẹrà. Àwọn mìíràn gbin ẹ̀pà lé e lórí. Ẹ ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún àmì, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ gbin mélòó kan sọ́tọ̀ fún yíyẹ̀wò, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan ìyókù.

Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro ìdí rẹ̀ yíká, kó fẹ̀ ju ibi tí ọwọ́ ẹni nà dé lọ, kẹ́ ẹ gbá koríko kúrò. Ẹ má sun ún. Bí iná tàbí màlúù bá jẹ orí rẹ̀, ẹ má fà á tu; gbòǹgbò rẹ̀ á tún rú.

Ẹni tó bá fẹ́ kó tètè so, kó bi àwọn NIFOR, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba lórí igi ọ̀pẹ àti igi òrí, tó wà ní Bida, nípa lílọ́ ẹ̀ka igi òrí tó ti ń so mọ́ ara èyí tó ṣì kéré. Lójú tèmi, èyí tó ti hù fúnra rẹ̀ lóko ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, torí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Kí alágbàṣe tó kọ ebè, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kẹ́ ẹ sì bá a rìn yí oko ká kó fojú ara rẹ̀ rí wọn.