Bá a ṣe ń gbẹ́ kànga àyẹ̀wò nílé epo tá a fura pé epo ti jò sílẹ̀

Kànga tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tá a fi ń pọnmi o. Torí ká lè mọ̀ bóyá epo tó jò ti wọ omi abẹ́ ilẹ̀, apá ibo ló ń gbà lọ, báwo ló ṣe pọ̀ tó, la ṣe ń gbẹ́ ẹ. Tẹ́ẹ bá gbẹ́ ẹ bó ṣe yẹ, á sọ òótọ́ fún yín, àmọ́ tẹ́ẹ bá fi wàdùwàdù gbẹ́ ẹ, kànga yẹn gan-an lè di ojú ọ̀nà tí epo á gbà débi tí ò tíì dé.

Kí ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ tó dé, ẹ wá ẹni tó mọ ibi tí tánkì, páìpù epo àti wáyà iná gbà, kẹ́ẹ sì fọwọ́ gbẹ́ nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀ àkọ́kọ́, ẹ má gbọ́kàn lé máàpù nìkan torí ibi tí wọ́n yà á sí kọ́ ló máa ń wà nígbà míì. Kò sí sìgá, kò sí iná, kí ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì sì wà lẹ́nu ihò títí iṣẹ́ á fi parí.

Kànga mẹ́ta ló kéré jù, ẹ má sì tò wọ́n sórí ìlà kan, torí méjì ò lè júwe ibi tómi ń ṣàn lọ. Ẹ fi ọ̀kan sápá ibi tómi ti ń bọ̀, ìyẹn lá jẹ́ ká mọ bó ṣe rí kó tó kọjá lábẹ́ tánkì. Ibi tẹ́ẹ rò pó mọ́ jù ni kẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ẹ sì fọ gbogbo irin dáadáa kẹ́ẹ tó bọ́ sórí ihò míì.

Bí irin bá ṣe ń wọlẹ̀, ẹ máa yọ erùpẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá yanrìn ni àbí amọ̀. Ẹ má gbé e símú o, benzene inú pẹtiróòlù máa ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ẹ bu díẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, ẹ dì í pa, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ẹ wá ti ẹnu ẹ̀rọ PID, ìyẹn ẹ̀rọ ọwọ́ tó ń wọn gáàsì epo, bọ̀ ọ́, nọ́ńbà tó bá gbé wá lẹ máa kọ. Tẹ́ẹ bá kan amọ̀ tó nípọn lábẹ́ omi, ẹ dúró, ẹ má dá a lu, òun ló ń dáàbò bo omi tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

Ibi tó ṣe kókó jù rèé. Epo fúyẹ́ ju omi lọ, orí omi ló máa ń léfòó sí, torí ẹ̀, apá tó ní ihò lára páìpù gbọ́dọ̀ wà lójú omi gangan, kó yọ sókè díẹ̀, kó sì wọ inú omi. Tó bá jẹ́ mítà mẹ́ta, ẹ lè fi bíi ọ̀kan sókè kí méjì wà nísàlẹ̀, ẹ kàn rántí pé omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń gòkè, ó sì máa ń fà láàárín ọdún. Tẹ́ẹ bá ri gbogbo ẹ̀ sábẹ́ omi, epo á wà lókè níbẹ̀, kànga á sì máa sọ fún yín pé kò séwu.

Páìpù PVC ínṣì méjì nínú ihò ínṣì mẹ́jọ ló wọ́pọ̀, ihò ara ẹ̀ bíi mìlímítà 0.25. Kó jẹ́ oníṣúrúù, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ rárá, torí kẹ́míkà inú gọ́ọ̀mù máa yọjú nínú èsì láàbù. Ẹ rọra da yanrìn fífọ̀ yí i ká, kẹ́ẹ máa fi tépù wọ̀n ọ́ torí yanrìn lè há sáàárín kẹ́ẹ sì rò pó ti débẹ̀, kó fi ìdajì mítà kọjá ibi tí ihò páìpù parí sí lókè. Bentonite, ìyẹn amọ̀ tó máa ń wú tó bá mumi, ló kàn, ó kéré tán ìdajì mítà, ẹ bu omi tó mọ́ lé e kó lè wú, lẹ́yìn náà símẹ́ńtì tẹ́ẹ pò mọ́ bentonite títí dókè.

Ìdérí ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àgádágodo, kí wọ́n sì kọ nǹkan sí i ketekete, ẹ jọ̀ọ́. Awakọ̀ tó gbé epo wá lè rò pé ẹnu tánkì ni, kó sì da pẹtiróòlù sínú ẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n máa ń fi onígun mẹ́ta dúdú sórí funfun dá a mọ̀ ní Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn wákàtí 24 ó kéré tán, ẹ fa omi inú ẹ̀, ẹ máa tì í ẹ máa fà á títí tá á fi mọ́ lójú, kẹ́ẹ wá fi í sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ sàmì sí ojú kan létí páìpù, ibẹ̀ lẹ ó ti máa wọn omi nígbà gbogbo, kí sọ̀fíyọ̀ sì mọ gíga ẹ̀ dé mìlímítà, torí omi lè fi sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ péré ju ara wọn lọ láti kànga kan sí ìkejì.

Ìgò 40 mL lẹ máa bu omi kànga tí wọ́n máa yẹ̀ wò fún benzene sí, ẹ kún un dé ẹnu, ẹ dé e, ẹ dorí ẹ̀ kodò kẹ́ẹ gbá a díẹ̀, tẹ́ẹ bá rí afẹ́fẹ́ kékeré kan péré tó léfòó nínú ẹ̀, ẹ gba òmíì, torí inú afẹ́fẹ́ yẹn ni benzene máa ń sá lọ. Inú yìnyín lẹ máa gbé e sí dé láàbù. WHO ní kí benzene má ju 10 máíkrógíráàmù nínú lítà omi mímu kan, 5 ni ti Amẹ́ríkà, ẹ rí i pé afẹ́fẹ́ kékeré yẹn lè yí èsì padà.

Ọjọ́ tí wọn ò bá nílò kànga mọ́, ẹ di símẹ́ńtì àti bentonite sínú ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, ẹ má fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí.