Bí mo ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù kọ ọ̀rọ̀ sínú chip kékeré

Pátákó kékeré kan ni mo ṣe, tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde lójú rẹ̀. Chip ATtiny85 ló wà nínú rẹ̀: ẹsẹ̀ mẹ́jọ péré, RAM (ìrántí ìgbà díẹ̀) 512 byte. Kò ní Wi-Fi, kò ní Bluetooth. Mi ò sì fẹ́ máa tú u nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ni mo bá yà sídìí ìmọ́lẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1994, Timex àti Microsoft gbé aago ọwọ́ Datalink jáde. Wàá na aago sí ojú kọ̀ǹpútà, ìlà funfun á máa ṣẹ́jú níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù á sì wọnú aago. Kọ̀ǹpútà olójú CRT (ojú àtijọ́ tó wúwo, tó níkùn lẹ́yìn) nìkan nìyẹn ń bá ṣiṣẹ́. Fóònù tèmi ń pààrọ̀ àwòrán nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òun ni mo bá lò.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni àsìkò. Ká ní àpótí kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú lójú fóònù, tí funfun jẹ́ 1, tí dúdú jẹ́ 0, báwo ni chip ṣe máa mọ ibi tí bit kan (ìyẹn 1 tàbí 0 kan) parí sí? Browser fóònù, tó ń ya àpótí náà, kò ṣe é gbọ́kàn lé; bí iṣẹ́ bá wọ fóònù lọ́rùn, ó máa ń fo àwòrán láìsọ fẹ́nikẹ́ni. Aago inú ATtiny85 náà lè fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀. Aago méjì tí kò bára mu, ta ló fẹ́ dá ẹjọ́ wọn?

Àpótí méjì ni mo yà. Ti òsì ló gbé ọ̀rọ̀ dání. Iṣẹ́ ti ọ̀tún ò ju kó máa yí padà lọ. Gbogbo ìgbà tó bá ti yí ni chip máa ka ti òsì. Bí browser bá dúró, chip náà á dúró dè é, kò sí wàhálà.

Phototransistor méjì (ohun kékeré tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára) ló ń wo àpótí wọ̀nyí, resistor 10 kilohm lára ìkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú téèpù dúdú láàárín wọn kí ìmọ́lẹ̀ má baà ṣàn kọjá. Ẹ má lo LDR (resistor tí ìmọ́lẹ̀ ń yí agbára rẹ̀ padà), ó ń pẹ́ kó tó gbà pé iná ti kú. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ojú fóònù á kọ́kọ́ fi funfun àti dúdú han chip, òun fúnra rẹ̀ á wá mú àárín wọn ṣe ààlà. Ẹ tan iná fóònù dé góńgó, torí ọ̀pọ̀ fóònù máa ń ṣẹ́jú wìrìwìrì tí wọ́n bá dín in kù, phototransistor á sì rí i. Kí àpótí náà kéré o, iná tó ń ṣẹ́jú kò dára fún ẹni tó ní wárápá.

Àwòrán méjì ni mo fún bit kan, ìyẹn bit 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́tà 16, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ byte kan (bit mẹ́jọ), ń gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ díẹ̀. Byte tó kẹ́yìn wà fún àyẹ̀wò: ó jẹ́ XOR (ìṣirò tó ń fi bit wé bit) gbogbo èyí tó ṣáájú. Bí kò bá bára mu, chip á da gbogbo rẹ̀ nù, á di ọ̀rọ̀ àtijọ́ mú. Ọwọ́ tó gbọ̀n ló sábà máa ń fa ìyẹn, nítorí náà mo ti gé páálí tí fóònù ń jókòó lé.