Bí Bọ́ọ̀sì £3 Ṣe Gbé Wa Dé Orí Òkè Ẹfun

Ọdún kẹsàn-án rèé tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò sì tíì rí ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí àfi láti ojú fèrèsé rélùwéè. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, oorun; bí wọ́n bá jí, ìdáná; lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ rìn lórí òkè létí òkun ní Sussex, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Mọ́tò ta la máa gbé?" Mo ní bọ́ọ̀sì la máa wọ̀. Wọ́n wò mí títí. "Bọ́ọ̀sì wo ló ń gun òkè?"

Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí, torí ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà nílùú òyìnbó ló gbà pé ẹni tó bá ní mọ́tò nìkan ni ìgbèríko wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìjọba ti fi gbèdéke sí owó bọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, bọ́ọ̀sì tó bá wà nínú ètò náà kò gbọdọ̀ gbà ju £3 lọ fún àlọ kan, bó ti wù kó jìnnà tó. £2 ni tẹ́lẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ibòmíràn mélòó kan ní owó ọkọ̀ tiwọn.

Seven Sisters là ń lọ, òkè méje tó tò tẹ̀lé ara wọn létí òkun láàárín Seaford àti Eastbourne. Ẹ̀yìn wọn jẹ́ koríko tútù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n kọ sí òkun, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì ni omi ti gé e, ó sì funfun láúláú. Àwọn òyìnbó ń pe òkúta náà ní chalk. Ọmọ Yorùbá tó bá fọwọ́ kàn án, ẹfun ni yóò pè é.

A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Victoria láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó tó nǹkan bíi wákàtí kan ká tó dé Brighton. Ká tó lọ wọ bọ́ọ̀sì, mo mú ẹ̀gbọ́n mi ya ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas, tí kò jìnnà sí ibùdó rélùwéè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti so Àìná, ọmọ Òkè-Òdàn, pọ̀ mọ́ James Davies, oníṣòwò tí òun náà jẹ́ ọmọ Yorùbá, lọ́jọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1862. Sarah Forbes Bonetta ni àwọn òyìnbó mọ Àìná sí. Ọmọ kékeré ni nígbà tí ogun Dàhómì kó o lẹ́rú, tí Ọba Gezo sì fi í ta ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi òyìnbó kan lọ́rẹ lọ́dún 1850, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ọmọ tí Ayaba Victoria ń tọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé ògiri ṣọ́ọ̀ṣì náà. "Ọmọ Yewa," ni wọ́n wí. "Ó mà jìnnà sílé o."

Bọ́ọ̀sì 12 tàbí 12X ni kí ẹ wọ̀ láàárín ìlú Brighton. Ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ, ẹ dárúkọ ibi tí ẹ ń lọ fún awakọ̀, kí ẹ gòkè lọ jókòó sí apá ọ̀tún. Apá ọ̀tún ni mo wí o, torí ibẹ̀ ni òkun wà. Bọ́ọ̀sì ń tọ etí òkun lọ: Rottingdean, Peacehaven, Newhaven níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń ṣí lọ sí Dieppe ní ilẹ̀ Faransé, kó tó kan Seaford. Ní Newhaven, ẹ̀gbọ́n mi ti gbàgbé oorun alẹ́ àná pátápátá.

Ibi tí mo ti ṣì í nìyí, kí ẹ má báa ṣì í bíi tèmi. Ìdíkọ̀ tó yẹ ká sọ̀ ń jẹ́ Seven Sisters Park Centre, ní Exceat, bọ́ọ̀sì sì gbọ́dọ̀ ti kọjá afárá odò Cuckmere kó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró ṣáájú afárá, tí ọ̀pọ̀ èrò tó wọ bàtà ìrìn dìde, èmi náà dìde. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká sọ̀, a ti dé." A tẹ̀lé èrò. A rìn títí a fi rí òkun, àwọn òkè funfun náà wà lọ́ọ̀ọ́kán tí wọ́n ń wò wá, odò Cuckmere sì wà láàárín àwa àti wọn. Fọ́tò ni àwọn tí a tẹ̀lé wá yà, nítorí ẹ̀bá ìhín ni òkè náà ti ń hàn jù. Kò sí afárá lẹ́nu odò, ìṣàn omi ibẹ̀ sì lágbára, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fẹsẹ̀ là kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi wí. Wọ́n kàn ní, "Ó ti yé ẹ báyìí. Yí padà ká lọ." Ó lé ní wákàtí kan tó bá a lọ ká tó padà dé afárá.

Láti Exceat, ọ̀nà ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní South Downs Way ni kí ẹ tọ̀. Ó gùn tó kìlómítà 160, Winchester ló ti bẹ̀rẹ̀, Eastbourne ló parí sí. Ìparí rẹ̀ la rìn. Bí ẹ bá ti rí òpó tí wọ́n ya èso igi óákù sí, ọ̀nà yín nìyẹn. Ní ìsàlẹ̀, odò náà ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò nínú pápá, àwọn àgùntàn ń jẹko létí rẹ̀.

Òkè àkọ́kọ́, Haven Brow, ló ga jù nínú àwọn méjèèje, mítà 77. Kò tó nǹkan létí, ṣùgbọ́n orúnkún mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ ni pé bí ẹ bá ti gun ọ̀kan, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ pátápátá sínú kòtò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun èkejì. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹfun tó rin sì ń yọ̀ bí ilá. Ẹ̀gbẹ́ la fi ń sọ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, ọwọ́ wa wà nínú ọwọ́ ara wa. Bàtà tó ní eyín nídìí ni kí ẹ wọ̀. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ tó wọ bàtà ilé ìjó, ọkàn mi ò balẹ̀ fún wọn.

Nínú kòtò kẹta la jókòó jẹun. Ìrẹsì jọ́lọ́ọ̀fù inú kúlà ṣì gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi ṣa òkúta kan nílẹ̀, akọ òkúta tó ti là sí méjì: inú rẹ̀ dúdú, ó ń dán bíi gíláàsì, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ funfun bíi pé wọ́n fi ẹfun kùn ún. Mo sọ fún wọn pé ìkarahun àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké inú òkun, tí ojú lásán ò lè rí, ló kó ara jọ di gbogbo òkè yìí, ó sì ti lé ní mílíọ̀nù 80 ọdún. Wọ́n yí òkúta náà sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n dá a padà síbi tí wọ́n ti ṣa á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún mọ́ etí òkè yẹn. Kò sí ọgbà, kò sí okùn, koríko sì lọ tààrà dé ẹnu ọ̀gbun. Ní ibòmíràn, abẹ́ ibi tí ẹ dúró sí ti ṣófo, ẹ ò sì ní mọ̀. Òkun ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún, ó sì máa ń ya lulẹ̀ láìkìlọ̀, nítorí náà ẹ má jókòó sábẹ́ rẹ̀ létíkun náà. Nígbà tí a dé Birling Gap, lẹ́yìn òkè keje, mo fi ibi tí wọ́n ti wó lára àwọn ilé tó tò síbẹ̀ han ẹ̀gbọ́n mi, torí òkun ti jẹ ilẹ̀ dé ìdí wọn. Níwájú díẹ̀ sí i ni Belle Tout wà, ilé iná àtijọ́ tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà, tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbé odindi rẹ̀ sún sẹ́yìn ní mítà 17 lọ́dún 1999 kó má báa jábọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Odindi ilé?" Mo ní odindi ilé.

Ó yẹ ká kọjá lọ sí Beachy Head, tó ga ní mítà 162, ká sì sọ̀ sí Eastbourne. Ṣùgbọ́n wákàtí tí mo fi ṣòfò lẹ́bàá odò ti kó bá wa, oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilé tíì wà ní Birling Gap, a lo méjèèjì. Lẹ́yìn náà a gba ọ̀nà abúlé East Dean, ó tó bíi kìlómítà méjì, níbi tí bọ́ọ̀sì 12 tún ń kọjá. Ẹ wo àsìkò bọ́ọ̀sì lórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, pàápàá tó bá jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi.

A bá ìjókòó lókè. Ẹfun ti bo bàtà ẹ̀gbọ́n mi dé ọrùn ẹsẹ̀, mo fún wọn ní tíṣù kí wọ́n fi nù ún, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀. Mo rò pé oorun ti gbé wọn lọ, àfi bí wọ́n ṣe là ojú nígbà tí a kọjá Seaford.

"Èyí tó kù yẹn, Beachy Head," ni wọ́n wí. "Bọ́ọ̀sì débẹ̀?"

"Ó débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"£3 náà ni?"