Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Tí A Fi Ń Pa Àpótí Béèsì Àtijọ́

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gbé àpótí béèsì kan, àpótí sípíkà tí gìtá béèsì ń gbà dún, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Gáà Akanbí nílùú Ìlọrin, láti ìjọ kan lọ́nà Òmù-Àrán. Tòkunbọ̀ ni, sípíkà oníínṣì 15 méjì ló wà nínú rẹ̀, ó sì dàgbà ju ọmọkùnrin tó gbé e wá lọ dáadáa.

"Bọ̀dá, kò ní béèsì mọ́. Àwọn alàgbà ní ká kúkú ra tuntun."

Mo ní kó jókòó. Mo tú ẹ̀yìn àpótí, mo mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, mo fi kan wáyà tó ti ibi ìkìbọ̀ wá. Pépà sípíkà òkè ta síta. Ti ìsàlẹ̀ wọlé. Mo tún un ṣe, bákan náà ni. Ẹni tó tún àpótí náà ṣe kẹ́yìn ló yí wáyà ọ̀kan po. Bí ti òkè ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ni ti ìsàlẹ̀ ń fà á padà, béèsì wá ń jẹ béèsì. Mo yí wáyà náà padà sí bó ṣe yẹ, mo so ó mọ́ áḿpù, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn gìtá di ńlá, mo ki gìtá bọ áḿpù náà, mo ta okùn E lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, páànù ṣọ́ọ̀bù mi sì dáhùn. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú 10 lọ.

Mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí tipẹ́. Dàdàkúàdà wa nílùú yìí, ìlù ni tirẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ bá gìtá béèsì ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ jùjú, ẹgbẹ́ háílàìfù àti àwọn ìjọ tó wà láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà ló ń gbé àpótí wọ̀nyí wá bá mi. Lójú tèmi, ọjọ́ orí kọ́ ló ń pa wọ́n. Ọwọ́ àwa tí a ní a ń tún wọn ṣe ló ń pa wọ́n.

Ẹ má so wáyà pọ̀ láìfi bátìrì wò ó

Bátìrì tí mo sọ yẹn, kò sẹ́ni tí kò lè ṣe é nílé. Ẹ yọ áḿpù kúrò lára àpótí. Ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì oní-volt 1.5, ẹ fi kan ojú wáyà méjèèjì fẹ́ẹ́, kí ẹ sì ká a kúrò, torí kọ́ìlì, wáyà tí a ká sẹ́yìn pépà, máa ń gbóná bí ẹ bá fi sílẹ̀ pẹ́. Gbogbo pépà gbọ́dọ̀ ta sí apá kan náà. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ yí wáyà rẹ̀ nìkan padà.

Ohun kan wà tó máa ń tan àwọn ọ̀gá iṣẹ́ pàápàá. Ọ̀pọ̀ sípíkà JBL àtijọ́, tí ẹ bá fi orí bátìrì kan ojú pupa, pépà á wọlé dípò kó ta síta. Kò bàjẹ́ o, bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé-iṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá wá fi JBL àtijọ́ kan àti sípíkà ilé-iṣẹ́ mìíràn sínú àpótí kan ṣoṣo, tó so pupa mọ́ pupa nítorí ó fẹ́ ṣe é bó ṣe tọ́, ó ti dá ìjà sílẹ̀ láìmọ̀. Ohun tí ojú rí lára pépà ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má tẹ̀ lé àwọ̀ wáyà.

Ẹ má fi wọ́ọ̀tì díwọ̀n ariwo

Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn àpótí ń sọ iye iná tí kọ́ìlì lè gbà kó tó jóná. Kò sọ bí yóò ti dún tó. Bí ẹ bá sọ wọ́ọ̀tì di ìlọ́po méjì, decibel 3 péré, ìyẹn ìwọ̀n ariwo, lẹ máa rí gbà níbẹ̀. Kí etí ènìyàn tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, wọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ tó bíi ìlọ́po 10. Ìdí nìyẹn tí àpótí àgbà tó ń gba wọ́ọ̀tì 200, tí pépà rẹ̀ fúyẹ́, fi lè bo tuntun tó ń gba 500 mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọjà, wọ́ọ̀tì ni wọ́n máa fi gbowó lọ́wọ́ yín. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè iye decibel tó ń mú jáde ní wọ́ọ̀tì 1 ní mítà 1. Kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ wá ní kó tan án kí ẹ gbọ́.

Ẹ má retí ohun tí wọn ò kọ́ ọ fún

Ilé-iṣẹ́ Fender mú gìtá béèsì Precision jáde ní 1951, ó sì gbé áḿpù Bassman tẹ̀lé e ní 1952, sípíkà oníínṣì 15 kan ṣoṣo. Áḿpù B-15 ti ilé-iṣẹ́ Ampeg dé ní 1960, ìnṣì 15 kan náà, wọ́ọ̀tì rẹ̀ kò ju bíi 25 lọ. Òun ni James Jamerson, tó ta béèsì fún ilé-iṣẹ́ orin Motown ní Amẹ́ríkà, fi ṣiṣẹ́. Wọ́ọ̀tì 25! Ọmọ ìjọ òde òní á ní kò tó fún ìsọmọlórúkọ. Ní 1969 ni Ampeg gbé SVT dé, áḿpù oníwọ́ọ̀tì 300, pẹ̀lú àpótí tó ní sípíkà oníínṣì 10 mẹ́jọ. Sípíkà ìgbà náà kò lè dá gba gbogbo iná yẹn, ni wọ́n fi ń so àpótí méjì mọ́ áḿpù kan.

Gìtá olókùn 4 ni gbogbo wọn ní lọ́kàn. Okùn E tó nípọn jù lára rẹ̀ ń gbọ̀n ní bíi ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àpótí sípíkà mẹ́jọ ti Ampeg, èyí tí gbogbo ayé ń yìn, agbára rẹ̀ ti ń dínkù láti bíi ìgbà 58 lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀yin náà á bi mí pé báwo la ṣe ń gbọ́ E nínú rẹ̀? Ọmọ ohùn náà là ń gbọ́, 82, tó jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀, ọpọlọ sì ń parí ìyókù fún wa. Ohun tó jẹ́ kí àpótí àtijọ́ dún bí ẹni ń fi ọwọ́ lu àyà nìyẹn. Kò rì wọnú ilẹ̀ bíi ti òde òní, àárín orin ló jókòó sí.

Àwọn ọmọ wa wá gbé gìtá olókùn 5 dé. Okùn B rẹ̀ jẹ́ bíi 31. Ẹ jẹ́ ká fi ojú rí i: bí ohùn bá fi octave kan lọ sílẹ̀, ìyẹn bí iye ìgbà tó ń gbọ̀n bá di ìdajì, pépà gbọ́dọ̀ rìn ní ìlọ́po 4 kí ariwo rẹ̀ tó lè dọ́gba pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀. Nínú àpótí tó ní ihò afẹ́fẹ́, bí ohùn bá ti lọ sísàlẹ̀ ju ibi tí wọ́n ṣe ihò náà fún, afẹ́fẹ́ inú àpótí kì í di pépà mú mọ́. Á kàn máa fò bí ẹja tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò. Àwa wá yí bọ́tìnì béèsì dé òpin, a dúró lórí B láti ìbẹ̀rẹ̀ ìyìn títí dé àdúrà. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á gbé e wá bá mi. Ẹ dín bọ́tìnì béèsì kù, kí ẹ gbé ti àárín sókè díẹ̀, ẹ ó rí i pé gbogbo ìjọ gbọ́ yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ má lu ihò sí i lára

Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan ní Ọ̀fà ní àpótí sípíkà mẹ́jọ ti Ampeg, ojúlówó, èyí tí wọ́n dí pa. Káfíńtà kan wò ó, ó ní àpótí náà "kò rí èémí mí", ó sì lu ihò méjì sí i níwájú, ihò kọ̀ọ̀kan tó àwo ọbẹ̀. Ìfà ni wọ́n ń wá, òfò ni wọ́n bá pàdé. Béèsì wú, kò mọ́lẹ̀ mọ́, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà sípíkà méjì ya.

Nínú àpótí tí a dí pa, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni spring. Bí pépà bá fẹ́ jáde jù, afẹ́fẹ́ yẹn á fà á padà. Bó bá fẹ́ wọlé jù, á tì í síta. Irú àpótí Ampeg yìí tún ní yàrá mẹ́rin nínú, sípíkà méjì-méjì ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Ihò méjì tí káfíńtà lù bọ́ sí yàrá méjì, yàrá méjì tó kù sì wà bí wọ́n ṣe wà. Nínú àpótí kan ṣoṣo, sípíkà mẹ́rin ń lọ sọ́tùn-ún, mẹ́rin ń lọ sósì. Mo gé pláíwúùdù tó nípọn bíi ti àpótí, mo fi gúlùù àti sukúrù dí àwọn ihò náà, mo pààrọ̀ sípíkà méjì. Ohùn rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ojú àpá ṣì wà lára rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́la á sì ti ibẹ̀ yọwó.

Ẹni tó bá sì ní àpótí oníhò, kó má fi fóòmù tàbí àkísà dí i. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ó kàn yí ẹ̀yìn padà.

Ẹ má kàn fi sípíkà tuntun sínú àpótí àgbà

Ìṣirò tí a fi ń yan àpótí fún sípíkà, A. N. Thiele ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní Australia ní 1961, Richard Small sì fẹ̀ ẹ́ lójú láàárín àwọn ọdún 1970. Kó tó tàn kálẹ̀, etí àti ìdánwò ni àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń wá àpótí tó bá sípíkà wọn lára mu. Ìgbéyàwó ni. Bí ẹ bá yọ ìyàwó kúrò, kò túmọ̀ sí pé èyíkéyìí tó bá ti jẹ́ ìnṣì 15 lè wọlé dípò rẹ̀. Mo ti rí sípíkà tuntun olówó gọbọi tó dún bí agolo nínú àpótí ọdún 1970, nítorí àpótí ńlá kọ́ ni wọ́n ṣe é fún.

Nítorí náà, ẹ má ju férémù àti mágínẹ́ẹ̀tì sípíkà àtijọ́ nù. Pépà àti kọ́ìlì ló máa ń kú, a sì lè pààrọ̀ wọn. Lára sípíkà Black Widow ti ilé-iṣẹ́ Peavey, ẹ lè tú férémù, pépà àti kọ́ìlì kúrò lórí mágínẹ́ẹ̀tì kí ẹ fi tuntun sí i, iṣẹ́ sukúrù díẹ̀ ni. Ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà dúdú kun pépà kó lè "le". Ọ̀dà á sọ ọ́ di wúwo, pépà tó wúwo á sì máa bẹ áḿpù kó tó gbéra.

Ohm

Ohm ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná. Mo jẹ̀bi ti èyí. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọṣẹ́, mo so àpótí méjì oní-ohm 4 pọ̀ mọ́ áḿpù kan níbi ìgbéyàwó ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Áḿpù náà kò gbà ju 4 lọ sísàlẹ̀. Ohm 4 méjì tí a so pọ̀ báyìí di 2, bẹ́ẹ̀ ni 8 méjì ń di 4. Ká tó gbé ìyàwó wọlé, èéfín ti ń jáde lẹ́yìn áḿpù. Ọ̀gá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ìlọrin.

Ẹ fi míta wọn àpótí kí ẹ tó so ó pọ̀ mọ́ nǹkan. Sípíkà oní-ohm 8 kì í ka 8 gan-an lórí míta, bíi 5.5 sí 7 ló máa ń kà, ẹ má sọ pé ó bàjẹ́. Àwọn áḿpù oní-valve, àwọn tó ní ìgò kéékèèké tí iná ń pọ́n nínú wọn, tiwọn yàtọ̀: wọn kò gbọdọ̀ dún láìsí sípíkà lára wọn rárá, tiransífọ́mà wọn lè jóná. Ẹ má sì fi wáyà gìtá so áḿpù mọ́ àpótí. Inú rẹ̀ tín-ín-rín jù.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á

Ẹ tẹ́ ìka yí ká àárín pépà, kí ẹ rọra tì í wọlé lọ́gbọọgba. Bí ẹ bá gbọ́ há-há bí ìgbà tí a ń ha ìkòkò, kọ́ìlì ń fara gbo mágínẹ́ẹ̀tì. Nígbà mìíràn, pípẹ́ ló mú kí pépà sọ̀ kalẹ̀. Ẹ tú sípíkà, ẹ yí òkè rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ dè é padà. Ó ti gba ọ̀pọ̀ sípíkà là lọ́wọ́ mi.

Bó bá jẹ́ àpótí tí a dí pa, bí ẹ bá ti tì í, kó padà wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá ta padà kíá, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan. Ìgbà ọyẹ́ ló burú jù fún èyí: pákó á gbẹ, ojú oríkèé á là díẹ̀, ẹ ó wá máa gbọ́ fíìì bí ẹ bá ta okùn E. Ẹ ki ọwọ́ bọ omi, kí ẹ fi í gba eteetí àpótí kọjá nígbà tí ó ń dún. Ibi tó bá tutù lọ́wọ́ yín ló ń jò.

Èkúté fẹ́ràn pépà sípíkà. Agbọ́n náà fẹ́ràn ihò afẹ́fẹ́. Nínú àpótí ìjọ tí mo sọ lókè yẹn, ilé agbọ́n tí wọ́n fi ẹrẹ̀ mọ wà nínú ihò ọ̀tún, ó gbẹ bí bíríkì. Mo fi ìdí sibí fọ́ ọ jáde.

Ọmọkùnrin yẹn bi mí pé èló ni. Mo sọ fún un. Ó wò mí, ó wo àpótí. "Bọ̀dá, ṣé kò sí nǹkan kan tí a ó pààrọ̀ ni?" Mo ní ó wà, kó sáré lọ ra sukúrù mẹ́rin wá ní Taiwo, torí sukúrù ẹ̀yìn rẹ̀ kò pé.