Ẹ̀yin Òbí Tó Wà ní Texas, Bí Ẹ Ṣe Máa Fi Orúkọ Ọmọ Yín Sílẹ̀ fún GT (Gifted and Talented), Ètò Sukúù fún Àwọn Ọmọ Tí Ọpọlọ Wọn Yá Tàbí Tí Wọ́n Ní Ẹ̀bùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó máa retí kí tíṣà pè yín pé ọpọlọ ọmọ yín yá ju ti ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Ọdún méjì lèmi fi dúró. Ọmọ mi ọkùnrin, jẹ́jẹ́ ló máa ń jókòó ní kíláàsì torí mo ti kọ́ ọ pé kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbà lẹ́nu, kì í sì í wojú àgbà kòrókòró, àṣé ohun tí mo pè ní ẹ̀kọ́ ilé yẹn, tíṣà ẹ̀ rò pé ọmọ náà ò mọ nǹkan tó ń lọ ni. Ó dùn mí gan-an.

Òfin Texas ti sọ pé gbogbo district, ìyẹn àjọ tó ń darí àwọn sukúù àdúgbò, gbọ́dọ̀ máa wá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ jáde, láti kíńdágátìn lọ dé kíláàsì 12. Kì í ṣe ìwé nìkan o, ọmọ tó mọ àwòrán yà, ọmọ tó lè kó ẹgbẹ́ ẹ̀ jọ kó sì darí wọn, òfin kà wọ́n mọ́ ọn. Òbí náà sì lè fi orúkọ ọmọ ẹ̀ sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ lọ bá counselor sukúù, ẹ ní ẹ fẹ́ fọ́ọ̀mù GT, kẹ́ẹ sì bi í ní ọjọ́ tó máa parí, torí district kọ̀ọ̀kan ló ní déètì tiẹ̀, tó bá ti kọjá, ó tún di ọdún tó ń bọ̀.

Ibi tí àwa òbí ti máa ń ba nǹkan jẹ́ ni fọ́ọ̀mù tí òbí fúnra ẹ̀ máa kọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbà á, mo kọ pé ọmọ dáadáa ni, ó ń gbọ́ràn, ó ń ṣe homework ẹ̀. Ìyẹn ò sọ nǹkan kan fún wọn! Nǹkan tí ẹ fojú yín rí ni kẹ́ẹ kọ. Lọ́jọ́ kan mò ń dín dòdò, ọmọ yìí ò tíì pé ọdún méje, ó dúró ti tábìlì ó ń ka èyí tó wà nínú abọ́, ó ní, “Mummy, mẹ́rìnlélógún ni. Àwa márùn-ún, mẹ́rin mẹ́rin ló máa kàn wá, á wá ku mẹ́rin. Àmọ́ tẹ́ẹ bá ní ẹ ò jẹ, á di mẹ́fà mẹ́fà, kò ní ṣẹ́ kù.” Wọn ò tíì kọ́ wọn ní pínpín ní sukúù nígbà yẹn. Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo fi déètì sí i.

Ti ìdánwò, CogAT tàbí NNAT ni ọ̀pọ̀ district ń lò. CogAT ní apá mẹ́ta: ọ̀rọ̀, ìṣirò, àti àwòrán. NNAT ò ní ìwé kíkà rárá, àwòrán lásán ni: róbótó kékeré di róbótó ńlá lókè, igun mẹ́ta kékeré wà nísàlẹ̀, kí ló yẹ kó tẹ̀ lé e? Ẹ fi irú ẹ̀ díẹ̀ hàn án kó má bàa yà á lẹ́nu, ó tó. Èmi ò fara mọ́ kéèyàn máa fi ọmọ ọdún mẹ́fà jókòó ti ìwé practice lójoojúmọ́, oorun àti oúnjẹ àárọ̀ ló nílò jù.

Ẹ má sì tìtorí ìdánwò pa Yorùbá tì nílé. Tẹ́ẹ bá kọ Yorùbá sórí fọ́ọ̀mù èdè tí wọ́n ń fún yín nígbà tọ́mọ wọ sukúù, wọ́n lè dán an wò bóyá ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, àmọ́ ìyẹn ò dí GT lọ́wọ́. Ìlànà ìpínlẹ̀ ní èdè tí ọmọ gbọ́ ni kí wọ́n fi dán an wò, àbí kí wọ́n lo ìdánwò tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú.

Kì í ṣe máàkì kan ni wọ́n fi ń pinnu. Ìgbìmọ̀ ló ń jókòó lé e, ó kéré tán olùkọ́ mẹ́ta tó ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ GT. Tí lẹ́tà bá wá dé pé ọmọ yín ò wọlé, ẹ béèrè gbogbo máàkì ẹ̀, kẹ́ẹ sì béèrè bí wọ́n ṣe ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, gbogbo district ló gbọ́dọ̀ ní in. Ímeèlì ni kẹ́ẹ fi béèrè, ẹ má kàn fẹnu sọ ọ́ lẹ́nu géètì nígbà tẹ́ẹ bá lọ mú ọmọ.