Fọ́tò àwàdà tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín: ìbéèrè àti ìdáhùn

Fọ́tò tí mò ń sọ níbí ni èyí téèyàn ń yà fún ìgbádùn ara rẹ̀: ẹni tó léfòó láàárín yàrá, ọ̀rẹ́ tó jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀rẹ́, ẹnì kan ṣoṣo tó di mẹ́ta. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ kò pọ̀, ìbéèrè nípa rẹ̀ sì máa ń jọra.

Ìbéèrè: Mo fò sókè bí ìgbà ogún, torí mo fẹ́ kó dà bíi pé mo léfòó. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe bàìbàì. Ọ̀kan ṣoṣo tó mọ́ wá jọ ẹni tí wọ́n tì láti orí òrùlé.

Ìdáhùn: Ẹ̀bi kámẹ́rà ni ti bàìbàì. Ti òrùlé yẹn, ẹ̀bi yín ni, ẹ má bínú.

Ẹni tó bá fò ní sẹ̀ǹtímítà 30 kò lò ju nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó padà kanlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kí self-timer (aago inú kámẹ́rà tó ń ya fọ́tò fúnra rẹ̀) bá yín mú un, oríire lẹ̀ ń wá. Ẹ fi kámẹ́rà sí burst, kó máa ya fọ́tò léraléra. Èyí tó ń ya mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan á mú bíi márùn-ún nígbà tẹ́ ẹ bá wà lókè. Èyí tó bọ́ sí góńgó ni kẹ́ ẹ mú, torí ibẹ̀ ni ara ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró kó tó máa bọ̀. Ẹ gbé shutter speed (bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí) sí 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá, tó bá pẹ́ jù, 1/500. Ìyẹn ń jẹ ìmọ́lẹ̀ gan-an, nítorí náà ẹ jáde síta lójú ọ̀sán. Nínú yàrá tó ní gílóòbù kan, ẹ kàn máa fò lásán ni.

Ó wá ku ti ara. Ẹni tó ń fò máa ń ká orúnkún, ojú rẹ̀ á sì ràn. Ti ẹni tó léfòó kò rí bẹ́ẹ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀, ìka ẹsẹ̀ kọjú sílẹ̀, ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ó ń wo ibòmíràn bíi pé kò sí nǹkan kan. Irun àti etí aṣọ ló máa ń tú àṣírí. Tí wọ́n bá ti gbọ̀n sókè, ara ti ń bọ̀ wálẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé kámẹ́rà sún mọ́ ilẹ̀ kí àlàfo abẹ́ ẹsẹ̀ yín lè hàn.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ sùn gbọọrọ sínú afẹ́fẹ́, ẹ má fò rárá. Ẹ gbé kámẹ́rà sórí tripod (ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé kámẹ́rà dúró), ẹ dùbúlẹ̀ sórí àpótí ìjókòó, ẹ ya ọ̀kan. Ẹ gbé àpótí kúrò, ẹ ya ibẹ̀ lófìfo. Ẹ to méjèèjì léra lórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ wá fi ọlọ́fìfo pa àpótí náà rẹ́. Ẹ rántí òjìji o. Mo gbàgbé tèmi nígbà kan, ni mo bá ń léfòó lókè òjìji àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ kí àbúrò mi jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Tí ọwọ́ mi bá mọ́, òun á ṣe bàìbàì. Tí òun bá mọ́, ó di ti ọwọ́ mi.

Ìdáhùn: Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ pa portrait mode, tó máa ń sọ ẹ̀yìn di bàìbàì. Tó bá jẹ́ kámẹ́rà ńlá, ẹ lo lẹ́ǹsì tó fẹjú, kẹ́ ẹ mú ihò rẹ̀ kéré, sí f/16. Àmọ́ ohun tó sábà ń fà á ni pé ọwọ́ ti sún mọ́ lẹ́ǹsì jù. Ẹ dúró ní mítà 2 sí kámẹ́rà, kí àbúrò yín wà ní mítà 16: bó ṣe máa hàn á jẹ́ ìdá mẹ́jọ bí ì bá ṣe tóbi ká ní ẹ jọ dúró ni. Ìyẹn tó láti jókòó sí ọwọ́. Kẹ́ ẹ wá rẹ kámẹ́rà sílẹ̀ kí ọwọ́ yín bo ilẹ̀ tó jókòó lé. Tí koríko bá yọ díẹ̀ báyìí láàárín ìdí rẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ yín, ó parí. Ẹni tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà nìkan ló ń rí i, nítorí náà òun ni kó máa pàṣẹ.

Ìbéèrè: Mo ya ara mi lẹ́ẹ̀mẹta kí n lè di mẹ́ta, àmọ́ ọ̀kan pọ́n, ọ̀kan ṣú, ògiri sì ń yẹ̀.

Ìdáhùn: Kámẹ́rà ló ń dá pinnu ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti gbogbo rẹ̀ pa sójú kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kan tripod mọ́. Ẹ yára, kí ìkùukùu má baà bo oòrùn.

Ìbéèrè: Gbogbo ohun tó yẹ ni mo ṣe. Fọ́tò mọ́, kò sí àbùkù. Àmọ́ kò pani lẹ́rìn-ín.

Ìdáhùn: Ẹ wo ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀. Mo dájú pé ó ń rẹ́rìn-ín. Tó bá ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti sọ fún wa pé eré ni, kò wá ku ohun tá a máa fúnra wa rí. Ní 1840, ọmọ Faransé kan, Hippolyte Bayard, ya ara rẹ̀ bí òkú ẹni tó kú sómi, torí inú bí i pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń kan sáárá sí nígbà tóun náà ti ṣẹ̀dá ọ̀nà ìyafọ́tò tirẹ̀. Ó pa ojú dé, ó ká ọwọ́ jọ, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà pé òkú Bayard lẹ̀ ń wò. Àwàdà ni, àmọ́ òkú náà kò ṣẹ̀fẹ̀.

Ẹ sì má tètè dáwọ́ dúró. Nígbà tí ayafọ́tò Philippe Halsman ń ya fọ́tò ayàwòrán Salvador Dalí ní 1948, wọ́n ju ológbò mẹ́ta, wọ́n da omi, Dalí náà fò sókè, ó sì lé ní ogún ìgbà kí wọ́n tó rí èyí tó tẹ́ wọn lọ́rùn. (Ẹ fi ológbò sílẹ̀. Ìrọ̀rí wà.)

Ìbéèrè: Ojú ń tì mí láti ṣe é níta, àwọn èèyàn máa ń dúró wò mí.

Ìdáhùn: Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, kí ojú ọ̀nà tó kún. Tí ẹnì kan bá ṣì dúró, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín di nǹkan mú. Páálí funfun tó máa ń da ìmọ́lẹ̀ sójú ni mo máa ń gbé fún wọn, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi máa ń bi mí pé ìgbà wo ló máa kàn wọ́n láti fò.