Ọjọ́ fọ́tò tí mo ní ọjọ́ kan péré ló máa gbà

Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà mí. Sátidé kan ṣoṣo ni mo sọ fún akọ̀wé nígbà tí ẹgbẹ́ ìtàn àdúgbò wa ń pín iṣẹ́ ọlidé gígùn, ẹnì kan gba ìrìn àárín àwọn ilé àtijọ́, ẹnì kan gba àwọn ọmọdé tó máa wá gbọ́ ìtàn, ó wá ku "ọjọ́ fọ́tò" nílẹ̀, èmi náà nawọ́ sókè kíákíá bíi pé ẹnì kan fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ mi. Kí ló le níbẹ̀? Kí àwọn èèyàn kó fọ́tò àtijọ́ wọn wá, ká síkáànì ẹ̀, ká dá tiwọn padà lójú ẹsẹ̀, ó dàbọ̀. Ohun tí mo rò nìyẹn o.

Mi ò ní máa ròyìn bí a ṣe lẹ ìkéde mọ́ ògiri tàbí bí a ṣe to àga, ẹni tó bá ti ṣètò ìpàdé rí mọ ìyẹn. Èèyàn wá, wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, inú mi dùn débi pé mò ń rìn káàkiri yàrá bí ọkọ ìyàwó. Fọ́tò tó wà lásán nínú àpò ìwé tàbí páálí bàtà ò yọ wá lẹ́nu rárá, o gbé e lé gíláàsì, o pa ìdérí dé, ó tán. Ìyá àgbà kan ló wá gbé álíbọ́ọ̀mù wọn sórí tábìlì mi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí.

Ẹ mọ irú álíbọ́ọ̀mù tí mò ń sọ, èyí tó wà káàkiri láyé 1970 sí 1990, tí ojú ewé ẹ̀ nípọn bíi páálí, tí wọ́n fa gọ́ọ̀mù sí i ní ìlà-ìlà, tí wọ́n wá fi ọ̀rá bò ó lókè. "Magnetic" ni wọ́n ń pè é lédè òyìnbó, irọ́ ni jàre, kò sí mágínẹ́ẹ̀tì kankan níbẹ̀, gọ́ọ̀mù ni. Nígbà tó ṣì tuntun, o lè ṣí fọ́tò kúrò kí o tún un lẹ̀ bó ṣe wù ẹ́. Lẹ́yìn ogójì ọdún ńkọ́? Gọ́ọ̀mù yẹn ti gan, àwọ̀ ẹ̀ ti di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ọ̀rá ti di ojú fọ́tò mú, ásíìdì inú páálí náà sì ti ń bá fọ́tò fínra láti ẹ̀yìn.

Mi ò mọ ìkankan nínú èyí lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín yọ ọ́ mà," mo ti èékánná bọ abẹ́ fọ́tò kan, mo fà á. Mo gbọ́ ọ. Ìró kékeré ni, fààà, bí ìgbà tí wọ́n ya báńdéèjì kúrò lára. Igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún já, ó dúró sára páálí, ibi tó ti já funfun báláú, ó sì mú lára èjìká ọkùnrin kan tó dúró ti kẹ̀kẹ́ lọ. Ìyá wo fọ́tò, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Bàbá mi nìyẹn. Kò sí òmíràn." Wọn ò pariwo. Ká ní wọ́n pariwo ni, ì bá sàn fún mi.

Bí gbogbo ẹgbẹ́ ṣe di ọ̀jọ̀gbọ́n nìyẹn. Ẹnì kan ní ká ki ojú ewé bọ omi. Ẹnì kan ní ká fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Alága wa gbé ìbọ̀wọ́ funfun wá, òwú ni wọ́n fi hun ún, wọ́n ní bí àwọn ilé ìkówèésí ńlá ṣe ń ṣe nìyẹn. Òótọ́ ni pé ìka tó ń làágùn máa ń dá àmì sójú fọ́tò, ṣùgbọ́n tí o bá wọ ìbọ̀wọ́ òwú o ò ní mọ ohun tí ìka ẹ ń kàn, á sì tún máa há mọ́ etí fọ́tò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ alága, mo bọ́ ọ, mo lọ fọ ọwọ́, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Mo wá bẹ ìyá pé kí wọ́n fi álíbọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún mi. Wọ́n gbà, àmọ́ wọ́n ní àwọn á máa wá jókòó tì mí. Ṣé mo lè bá wọn jiyàn?

Ohun tó wá ṣiṣẹ́ ni floss, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń nu àárín eyín, kó jẹ́ èyí tí wọn ò fi epo àbẹ́là pa, tí kò ní òórùn kankan. Fọ́tò tèmi tí kò já mọ́ nǹkan ni mo kọ́kọ́ dán an wò lára, mo ti kọ́gbọ́n. O máa ti òwú bọ abẹ́ igun kan, o máa di í mú lọ́tùn-ún lósì, o wá máa fà á lọ fà á bọ̀ bí ẹni ń fi ayùn la pákó, àmọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, òwú ni kó gé gọ́ọ̀mù, ìwọ má fa fọ́tò. Tí nǹkan kan bá gbọ́dọ̀ tẹ̀, páálí ni kó tẹ̀, kì í ṣe fọ́tò, torí tí fọ́tò bá ti ká, ojú ẹ̀ máa sán. Níbi tó bá ti le jù, mo máa fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ̀yìn páálí díẹ̀, lórí ooru tó kéré jù, mi ò jẹ́ kó dé ojú fọ́tò. Fọ́tò kan lè gba ìṣẹ́jú ogún. Ọrùn mi ò dúró mọ́. Àwọn kan ò sì gbà láéláé, ọ̀rá ti wọ ojú wọn, ìyẹn mo fi sílẹ̀ síbi tó wà. Mo gbé kámẹ́rà sókè gangan, mo gbé iná méjì dà sí i láti ẹ̀gbẹ́ kí ó má baà tàn yanran lórí ọ̀rá, mo ya odindi ojú ewé. Ká ní ẹnì kan sọ èyí fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, odindi ojú ewé ni mi ò bá kọ́kọ́ máa yà ká tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí bó bá tiẹ̀ já, ẹ̀dà ẹ̀ á ti wà nílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọmọ ẹnì kan nínú ẹgbẹ́, ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà, wo fáìlì wa, ó sì rẹ́rìn-ín. 300 dpi ni síkánà wà, ìyẹn iye àmì kéékèèké tó ń kà nínú ínǹṣì kan, JPEG ló sì ń tọ́jú ẹ̀ sí, irú fáìlì tó ń fún àwòrán pọ̀ tó sì ń ju díẹ̀ nù nínú ẹ̀, gbogbo tọjọ́ Sátidé! Inú bí mi, kì í ṣe sí ọmọ náà o, sí ara mi. Fọ́tò tó jẹ́ ínǹṣì 4 níbùú, 6 lóròó, lórí 600 dpi, píksẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké yẹn) 2400 níbùú, 3600 lóròó nìyẹn, tí o bá fi TIFF, irú fáìlì tí kì í ju nǹkan kan nù, tọ́jú ẹ̀ ó máa tó mẹ́gábáìtì 26, ìyẹn lo lè fi ṣe fọ́tò ńlá fún ìpàtẹ tí a fẹ́ fi wọ́n ṣe. Tiwa, ìdá kan nínú mẹ́rin píksẹ́lì yẹn péré ló ní. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kó fọ́tò wọn padà wá, àwọn kan wá, àwọn kan ní ṣé ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ la máa ń ronú ni.

Ẹ̀dà mẹ́ta la ti ṣe báyìí, ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú haadi díìsìkì, ọ̀kan nílé ẹlòmíràn. Àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ìtàn Massachusetts sílẹ̀ ní 1791, ìyẹn tó pẹ́ jù ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n tọ̀, wọ́n ń tẹ ìwé àtijọ́ jáde kí ẹ̀dà lè pọ̀ títí tí iná kan ò fi ní lè jó gbogbo ẹ̀ tán. Èmi sì wà níbẹ̀ tí mò ń kó tiwa sórí fláàṣì kan ṣoṣo tí mo so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé.

Ibi tí mo ti lè fọ́nnu díẹ̀ nìyí: bí ìyá ṣe ń jókòó tì mí tí mò ń fa òwú, wọn ò lè dákẹ́. "Èyí tó fìlà bò ojú yẹn, àbúrò ìyá mi ni, òun ló kọ́kọ́ ní rédíò ládùúgbò." Ẹ̀yìn fọ́tò ò ní orúkọ kankan. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí n gba ohùn wọn sílẹ̀, mo sì ní kí wọ́n máa ka nọ́ńbà fọ́tò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Orúkọ tí mo rí gbà níbẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo fọ́ọ̀mù tí mo pín lọ́jọ́ Sátidé lọ. Fọ́ọ̀mù yẹn gan-an, ìwé méjì ni, kò sì síbì kan tí mo ti béèrè bóyá a lè gbé fọ́tò náà kọ́ ògiri fáráyé rí! Ìyẹn náà, mo tún padà lọ gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ti igun tó já, floss náà ni mo fi yọ ọ́ kúrò lára páálí. Ẹnì kan ti ń na sẹ́lótéèpù sí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a lọ́wọ́. Àpò ìwé ni mo fi igun náà àti fọ́tò sí, mo fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ sára àpò kí n tó ki nǹkan bọ inú ẹ̀, torí tí o bá fi bírò kọ̀wé sẹ́yìn fọ́tò, ojú iwájú ló máa yọ sí. A tò méjèèjì sórí gíláàsì, a síkáànì wọn pọ̀, ọmọ kọ̀ǹpútà yẹn so wọ́n pọ̀ lójú ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, ìyá dúró síwájú bàbá wọn pẹ́. Wọ́n ní, "Èjìká ọ̀tún ni, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní kí n wá sílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, álíbọ́ọ̀mù méjì ṣì wà lókè àjà. Mo ti lọ ra floss.